Arẹwà Tó Ń Gé Ẹsẹ̀ Lẹ́tà

Kò tíì bímọ, síbẹ̀ Ìyá Bọ́tìnì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Òun náà ló fà á. Ó lè fi odidi àárọ̀ kan wo bọ́tìnì kan ṣoṣo lójú kọ̀ǹpútà, kó sún un sápá ọ̀tún, kó tún dá a padà, kó fajú ro, kó ní kò tíì rí bó ṣe yẹ kó rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi í rẹ́rìn-ín. Mẹ́rin péré ni wọ́n nínú ọ́fíìsì náà, lókè ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe, níbi tí òórùn gọ́ọ̀mù ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé wá bá wọn.

Ọdún kẹrin tó débẹ̀ ni ọ̀gá tó fi iṣẹ́ kan sí ìkáwọ́ rẹ̀: ètò orí kọ̀ǹpútà tí apoògùn ilé ìwòsàn kan yóò máa fi wá oògùn, tí yóò sì máa fi kọ bí aláìsàn á ṣe lò ó. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó máa darí nìyẹn. Bó bá bà á jẹ́, ó dọwọ́ Kíákíá, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní sùúrù, tí ojú rẹ̀ sì ti wà lára iṣẹ́ náà tipẹ́.

Nídìí iṣẹ́ tiwọn, èèyàn kì í fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ gbogbo bọ́tìnì. Bí káfíńtà ṣe ń ra ìṣó àti àgádágodo tí ẹlòmíì ti rọ, bẹ́ẹ̀ làwọn náà ń mú àkójọ tí àwọn kan ti ṣe sílẹ̀: bọ́tìnì, àpótí ìkọ̀wé, àtẹ. Ọ̀kan ṣoṣo lo sì máa yàn, torí bó o bá ti kọ́lé lórí ẹ̀ tán, wàhálà ni kó o tó pààrọ̀ ẹ̀.

Nígbà tó ṣà á títí, méjì ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ wọ́n lórúkọ. Ó pe ọ̀kan ní Àgbà, torí ó ti pẹ́, àwọ̀ rẹ̀ bí eérú, bọ́tìnì rẹ̀ rí gbàǹgbàlà. Ó pe èkejì ní Arẹwà: àwọ̀ tó tuni lójú, ìlà tín-ín-rín, ohun gbogbo ń yọ́ wọlé, ó ń yọ́ jáde. Àwọn àgbà ní ìwà lẹwà, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìyẹn nígbà tí nǹkan bá wu ojú? Ó mú Arẹwà. Ọ̀gá fọwọ́ sí i. Ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ṣiṣẹ́ lé e lórí.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tí apoògùn fẹ́ wá wò ó, ó ń kọ orúkọ àwọn oògùn tí obìnrin náà fi ránṣẹ́ sínú àtẹ. Ó rí "Oògùn oyún". Ó wo ìlà tó tẹ̀ lé e: "Oògùn oyún". Ó rẹ́rìn-ín, ó ní apoògùn ti kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ló bá yẹ ìwé tí obìnrin náà fi ránṣẹ́ wò. Ọ̀kan jẹ́ oyún, ti aboyún. Èkejì jẹ́ ọyún, èyí tó máa ń jáde látinú egbò àti etí. Àmì kan ṣoṣo lábẹ́ lẹ́tà ló yà wọ́n sọ́tọ̀, Arẹwà sì ti gé e dànù bí ẹni gé èékánná. Ìlà rẹ̀ tín-ín-rín débi pé kò sáyè fún ohunkóhun tó bá wà nísàlẹ̀ lẹ́tà.

Ìyá Bọ́tìnì gbìyànjú láti fẹ ìlà náà lójú, kò gbà. Ó kọ̀wé sáwọn tó ṣe é. Nígbà tó di Ọjọ́rú, wọ́n fèsì tọ̀yàyàtọ̀yàyà pé báwọn ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn, pé bóyá lọ́dún tó ń bọ̀.

"Torí àmì bíńtín?" ni Kíákíá wí. "Oògùn tí ò ní àmì nísàlẹ̀ ni kó o fi han apoògùn lọ́la. Tó bá ti gbà á tán, a ó máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀."

"Tó bá wá ṣi oògùn fún èèyàn ńkọ́?"

"Ṣé kò kàwé ni?"

Ká má purọ́, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kì í ṣe ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, lórí àga. Ìgò oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára ìgò náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lẹ ń wá níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mi ò wá nǹkan kan. Ohun tí wọ́n bá kọ ni màá ṣe, mo kàn fẹ́ kà á dáadáa ni."

Ìyá Bọ́tìnì wo ìka náà títí ó fi dé ìsàlẹ̀ ìgò. Ó ti mọ ohun tó máa ṣe.

Apoògùn dé lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún, tó so awò ojú rẹ̀ kọ́rùn. Kó tó jókòó ni ọ̀gá ti ń yin Arẹwà. Obìnrin náà wò ó, inú rẹ̀ dùn. "Ó mà rẹwà o!"

Ìyá Bọ́tìnì sún àga mọ́ ọn. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ká ní aboyún kan dúró níwájú yín. Ẹ bá wa yan oògùn rẹ̀."

Apoògùn fi awò sójú. Ó rí ìlà méjì tí kò yàtọ̀ síra, ó tẹ ti ìsàlẹ̀.

"Ti ọyún lẹ fún un yẹn, mà."

Apoògùn tún sún mọ́ àtẹ náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. "Ta ló yan nǹkan yìí?"

Ọ̀gá yíjú sí Ìyá Bọ́tìnì.

"Èmi ni, mà," ni Ìyá Bọ́tìnì wí. "Ẹwà ẹ̀ ló tàn mí jẹ. Òmíràn wà tí ò rẹwà, àmọ́ kì í gé lẹ́tà kankan, mo ti dán an wò láàárọ̀ yìí. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, kí n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀."

"Iṣẹ́ yìí lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ o," ni ọ̀gá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Mo mọ̀, sà."

Apoògùn bọ́ awò ojú rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀gá. "Kò ní bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Màá dúró, àmọ́ òun ni kó ṣe é o. Ká ní kò sọ ni, mi ò ní mọ̀. Màá ti gbé oògùn yẹn fún aboyún, màá sì ní kó máa lọ, kó bá mi kí àwọn ará ilé."

Ìyá Bọ́tìnì lanu láti dúpẹ́, ẹkún ló bú jáde.