Òkúta Bíù Lójú Fèrèsé Balùwẹ̀

Ní Ìbà tí mò ń gbé, iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀. Ẹ gbẹ́ kànga débi tó bá wù yín, iyanrìn náà ni. Ẹ wá wo ìyà tó ń jẹ tíṣà jọgíráfì bíi tèmi, tó fẹ́ kọ́ ọmọ Okokomaiko pé òkúta ti ṣàn rí bí ògì gbígbóná. Wọ́n á kàn máa wò mí bíi pé mo ti mutí wá síṣẹ́ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi tọ́jú òkúta dúdú kan tí mo gbé bọ̀ láti Bíù lókè Ọya. Àwọn òkè kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti bi iná rí, léraléra. Wọn ò kú o, oorun ni wọ́n ń sùn. Afẹ́fẹ́ tó sá jáde nígbà tí òkúta náà ṣì ń hó ló dá ihò wẹẹrẹ sí i lára.

Nígbà tí alábẹ̀wò ìjọba fẹ́ wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Ìgbéga tí mo ti ń retí, ẹnu rẹ̀ ló wà. Mo fọ òkúta mi, mo sá a sójú fèrèsé balùwẹ̀ tí èmi àti màmá onílé jọ ń lò. Aláṣọ funfun ni màmá, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn lọ rìn bọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gìgísẹ̀ wọn ti là, ẹ jẹ́ á fi mọ síbẹ̀.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ àbẹ̀wò, mo já òkúta gbà lójú fèrèsé, mo sáré lọ. Nínú kíláàsì, alábẹ̀wò gbà á lọ́wọ́ mi, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní òun náà kọ́ nípa òkúta ní yunifásítì. Ó fi nǹkan funfun tó dí inú ihò han àwọn ọmọ, ó ní bí òkè bá ti sùn pẹ́, omi tó ń gba inú òkúta kọjá ló ń fi irú ẹ̀ sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu, torí n kò rí funfun kankan níbẹ̀ rí. Ó ní ahọ́n ni àwọn oníṣẹ́ òkúta fi ń dá a mọ̀. Ló bá lá a. Ó tún un lá.

"Ó níyọ̀ díẹ̀," ló wí. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun á mú àwọn ọ̀gá òun wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí àwọn náà wá tọ́ ọ wò.

Ayọ̀ ló gbé mi délé. Màmá onílé jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí mi, gìgísẹ̀ ń dán gbinrin.

"Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Òkúta ìhasẹ̀ tó o gbé sí balùwẹ̀ dà? Ẹsẹ̀ òsì ṣì kù."

Mo tún wo gìgísẹ̀ ọ̀tún wọn, ẹ̀rín ń pa mí. Ni mo bá rántí àwọn ọ̀gá tó ń bọ̀ wá tọ́ funfun wò. Mo ki ọwọ́ bọ báàgì, mo na òkúta sí wọn.

"Màmá, ẹ fi ha ẹsẹ̀ òsì dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi ṣan òkúta náà."