Jẹ́jẹ́ àti Tẹlifóònù Ilé-Iṣẹ́ Omi

Ẹni tó bá mọ Jẹ́jẹ́ nígbà ọmọge rẹ̀ kò ní gbà pé iṣẹ́ tẹlifóònù ló fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà sá. Bí wọ́n bá bi í pé báwo ni, yóò ní dáadáa ni, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí náà ló ń gbé. Ilé ọ̀hún kì í ṣófo. Ọ̀rẹ́ ń wọlé, ará ilé ọkọ ń jáde, ọmọ mẹ́rin ń pariwo, orí àga gígùn inú pálọ̀ sì ni Jẹ́jẹ́ ń sùn, nítorí náà kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ àfi tí àlejò tó kẹ́yìn bá lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: yàrá tirẹ̀, tó ní ilẹ̀kùn, kí ilẹ̀kùn náà sì ní kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó rí ni ti ilé-iṣẹ́ omi, níbi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò máa gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà lórí tẹlifóònù. Ẹ gbọ́ mi lẹ́jọ́! Kó tó lè rí ibi dákẹ́ sí, àfi kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ títí ẹnu rẹ̀ yóò fi bó.

Ọ̀gá wọn, ọkùnrin kan tó máa ń ti jígí ojú rẹ̀ sókè sí iwájú orí, fún un ní oṣù mẹ́ta. Ó ní, "Tó o bá mọ̀ ọ́n ṣe, o dúró. Tó ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ká má bára wa jà, kí kálukú máa lọ."

Yàrá iṣẹ́ wọn kò tóbi. Tẹlifóònù dúdú mẹ́fà wà lórí tábìlì gígùn kan, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, òórùn ìwé àtijọ́ sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Títí dòní, bí Jẹ́jẹ́ bá ń sọ̀rọ̀ yàrá yẹn, ojú rẹ̀ máa ń tàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà o! Bí oníbàárà bá ń rojọ́, kàkà kó dáhùn, orí ló ń mì. Onítọ̀hún á sọ̀rọ̀ títí, Jẹ́jẹ́ á mi orí títí, tí onítọ̀hún á fi pariwo pé, "Hẹ́lò? Hẹ́lò? Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀ ni?" Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín dójú omijé. Láàárọ̀, kó tó wọlé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa bẹ Ọlọ́run pé kí páìpù ẹnikẹ́ni má bẹ́ lónìí.

Páìpù ń bẹ́ ṣá.

Lọ́jọ́ kan, kó lè rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe, ó mú pẹ́ńsùlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀: ẹnu ọ̀nà rèé, kíṣìnì rèé, ibi tí omi ti ń jò rèé. Ibi tí kò bá yé e, á béèrè. Ó wá rí i pé bí òun bá ti ń yàwòrán, ẹ̀rù àjèjì kì í ba òun mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni. Àwọn tó ń bínú náà á rọ̀ wọ̀ọ̀, torí ta ló fẹ́ máa júwe ilé ara rẹ̀ kó tún máa bú èèyàn? Tó bá parí, á fi àwòrán náà mọ́ àdírẹ́sì tó ń fún àwọn tó ń tún páìpù ṣe.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Ọ̀gá jókòó tì í, ó gbé tẹlifóònù kejì sétí. Ìyá àgbà kan ló pè, ó ń jágbe.

"Ọjọ́ mẹ́rin! Ọjọ́ mẹ́rin ni omi ti ń ya wọlé mi, ẹ wá jókòó síbẹ̀ ẹ̀ ń jẹun!"

Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n kọ́ Jẹ́jẹ́ ló fò lọ lórí rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ibo ló ń gbà wọlé? Ṣé abẹ́ ilẹ̀kùn ni?"

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í júwe. Kó tó parí, ó ti ń sọ bí olóògbé ọkọ òun ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ kíṣìnì tí omi ń gbà wọlé, tó sì kọ́ ọ wọ́. Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ó yà á wọ́ síwèé.

Ọ̀gá já ìwé náà gbà. "Kí lèyí? Àwòrán lò ń yà lẹ́nu iṣẹ́?"

Jẹ́jẹ́ ti ń rí àga gígùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Àmọ́ olórí àwọn tó ń tún páìpù ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí àdírẹ́sì. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi ẹni yìí sílẹ̀ fún wa o. Látìgbà tó ti ń yà á, a ò gbẹ́ ilẹ̀ onílẹ̀ káàkiri mọ́."

Ọ̀gá ti jígí rẹ̀ sókè. "Ó dáa. Máa yà á lọ."

Bí Jẹ́jẹ́ ṣe rí owó gba yàrá tirẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ tilẹ̀kùn mọ́ra, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó kàn ń gbádùn pé kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Fún ọdún púpọ̀, láti àárọ̀ ló ti ń retí àtipadà síbẹ̀.

Ayé ń yí. Ọ̀gá fẹ̀yìntì, àwọn ẹlẹgbẹ́ ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹ̀rọ ni yóò máa dá oníbàárà lóhùn, kí Jẹ́jẹ́ àti àwọn tó kù palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ ní ọ̀sán Jímọ́. Látọjọ́ náà lọ, á lè dákẹ́ tọ̀sán-tòru bó ṣe wù ú. Ní Jímọ́ náà, ó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù, tẹlifóònù rẹ̀ dún. Ọkùnrin kan ni, ó ń bínú gan-an, páìpù rẹ̀ bẹ́ lẹ́yìn balùwẹ̀. Jẹ́jẹ́ ya gbogbo rẹ̀ tán kíá. Ó ku kó sọ pé àwọn ń bọ̀, kó sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "apá wo lẹ pe balùwẹ̀ yẹn?"

"Mo ti sọ fún yín! Apá òsì!"

"Ẹ má bínú, sà." Jẹ́jẹ́ gbé pẹ́ńsùlù kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di tẹlifóònù mú. "Ẹ bá mi tún un sọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà."