Pátákó Tí Mo Gbé Kọ́ Mosún Lọ́rùn

Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi ti ré òkun kọjá, nígbà tí wọ́n gbé mi lọ kọ́ Pírámárì Síìsì ní abúlé kan lẹ́yìn Lálúpọn. Yàrá kan ni mo gbà. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, ó di ọjọ́ kejì kí n tó tún gbọ́ ohùn ènìyàn. Ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́, ó ń dùn mí. Mo wá kó gbogbo ìbínú mi lé iṣẹ́. Mo ṣòfin pé ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì mi, pátákó á wà lọ́rùn rẹ̀ títí di àsìkò ìsinmi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún mi ní kékeré, mo ṣe bí ẹ̀kọ́ ni.

Lọ́jọ́ tí à ń ṣe adverbial clause, ìyẹn awẹ́ gbólóhùn tó ń sọ ìgbà tàbí ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀, Mosún pẹ́ dé. Òun ló já fáfá jù nínú wọn. Mo bi í pé kí ló dé.

"Mà, ìyá mi ń yan gàrí, wọ́n ní kí n…"

Kó tó parí ẹ̀, pátákó ti dé ọrùn rẹ̀. Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín.

Kò wá lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ìdánwò àtiwọ sẹ́kọ́ndìrì sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí kò bá ṣe é, ìdí agbada gàrí ló máa wà. Mo bá lọ sílé wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Mosún."

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Ọmọ mi tí kì í pa ẹnu dé, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Kí lẹ fi ṣe é?"

Hà! Ojú tì mí. Èmi tí mo mọ bí ilé ṣe ń rí bí kò bá sẹ́ni tó ń báni sọ̀rọ̀, èmi náà ni mo lọ gbé irú ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ ilé ọlọ́mọ. Mo fa àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mosún, mo mú ọ̀bẹ, mo bá a bó ẹ̀gẹ́. "Má bínú, Mosún. Mo ṣì ọ́ ṣe." Kò wò mí.

Ó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo ti sọ pátákó nù. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ìdí tí kálukú fi pẹ́ dé ilé ìwé rí, ká tó gbé e lọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ariwo sọ! Hẹdimásítà yọjú wò wá. Mosún nìkan ni kò sọ nǹkan.

Nígbà tí a jáde, ó dúró dè mí.

"Mà, ta ló ń bá yín sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ bá délé?"

"Kò sẹ́nì kan."

Ó gba báàgì mi. Ó ń rojọ́ títí a fi dé ẹnu ọ̀nà mi, àti lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, títí ó fi ṣe ìdánwò náà. Ó yege, ó sì lọ sí sẹ́kọ́ndìrì n'Íbàdàn. Inú mi dùn débi pé mo jó. Ìgbà tí mo wọ yàrá mi ni mo tó sunkún.