Gàzálì Tó Fẹ́ Ṣe Bíi Pẹ́ńgúìnì

Ẹni tó bá ti wọkọ̀ ní Ọ̀rẹ̀ ti gbóhùn Gàzálì. Òun ló ń lọgun "Bìní! Bìní!" ní gáréèjì, tí ọrùn ẹ̀ ń wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ilé kan náà la jọ ń gbé. Nígbà tí Ràhmọ̀t ìyàwó ẹ̀ bí Suhaib, tí wọ́n là á níkùn kó tó bí i, ọ̀gbẹ́ni ní òun ò lọ síṣẹ́ mọ́.

Ó gbé fóònù wá bá mi. Mo rí ẹyẹ kan tó dúró ṣánṣán, ikùn funfun, ẹ̀yìn dúdú, ìyẹ́ yẹ́lò gùn lórí ojú ẹ̀ bíi ẹni tó kun ìpéǹpéjú ìyàwó tuntun.

"Ìyá, pẹ́ńgúìnì rèé! Bàbá ló ń ṣọ́ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá ló ń lọ sókun lọ wá oúnjẹ."

Ni Ràhmọ̀t bá ń ru ìpékeré lọ sójú títì, ó ń fọwọ́ di ikùn mú. Olùṣọ́ wa sùn gbalaja sórí ẹní. Tọ́mọ bá ké, á ní: "Ìyá, ẹ bá mi wò ó, ó jọ pé ó ti tọ̀."

Monílọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ń ti Òdìgbó wá wo ọgbẹ́ Ràhmọ̀t, figbe ta: "Ta ló ní kó rugbá? Ojú ọgbẹ́ ti ń ṣí!"

Gàzálì tún na fóònù. Nọ́ọ̀sì gbà á, ó kà á fún wa. Ó ní inú igbó ni irú pẹ́ńgúìnì yìí ń gbé, lábẹ́ gbòǹgbò igi, wọn ò sì pọ̀ mọ́ láyé. Ẹyin méjì ni wọ́n ń yé, ọmọ kan ló sábà ń yè. Ó wá dé ibi tí Gàzálì fò: ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, bàbá kì í jẹun rárá.

Mo rẹ́rìn-ín títí ìró mi fi tú. "Gàzálì, ìwọ tí inú ń run lọ́sàn-án aáwẹ̀!"

Ràhmọ̀t ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ wọ yàrá, ó fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn. "Bàbá Suhaib, ẹ kú iṣẹ́ ìṣọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Gàzálì gbéra ga, kò bèèrè oúnjẹ títí di ọ̀sán. Ló bá rọra sún mọ́ mi.

"Ìyá, ẹ̀bà yín ò ṣẹ́ kù?"

"Ṣé pẹ́ńgúìnì ń jẹ ẹ̀bà ni?"

Ó wọ sálúbàtà, kò kí ẹnikẹ́ni. Wọn ò tíì kírun Àsárì tá a fi ń gbọ́ "Bìní! Bìní!" láti gáréèjì. Ràhmọ̀t sùn ti ọmọ ẹ̀, kò sì jí títí ilẹ̀ fi ṣú.