Mọ́ládé àti Ẹ̀rọ Tó Ń Sọ Kántankàntan

Ní ọdún 1986, ọ̀làjú dé ọ́fíìsì wa tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ní Ṣakí. Wọ́n fi wáyà tẹlifóònù so wá mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Ìbàdàn. Ohun tó wà lọ́dọ̀ tiwa kò ju ojú gíláàsì bíi ti tẹlifíṣọ̀n lọ, pẹ̀lú bọ́tìnì ìtẹ̀wé níwájú rẹ̀. Mọ́ládé, ọmọ Àgọ́-Àmọ́dù tí wọ́n rán lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ló máa ń fi í béèrè iye ajílẹ̀ tí wọ́n pín fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kò pẹ́, ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Oyèlékè, gba ojú gíláàsì tuntun. Ó gé ríbọ́ọ̀nù, ó pa màlúù, ó ya fọ́tò. Láti ọjọ́ náà, bí Mọ́ládé bá ti kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ tán, gbogbo rẹ̀ a dàrú: àmì ìbéèrè níhìn-ín, àkámọ́ lọ́hùn-ún, ìlà ń gun ara wọn bí ewúrẹ́ inú ọkọ̀ Kíṣí.

Ọ̀gá tí kò fọwọ́ kan bọ́tìnì rí mọ ohun tó ń ṣe é lójú ẹsẹ̀. "Eruku ọyẹ́ ni. Ẹ nù ún!" A nù ún. A fi aṣọ òkè Ìsẹ́yìn bò ó, èyí tó dára ju ti ọ̀pọ̀ ìyàwó lọ. Ẹ̀rọ ò moore. Ọ̀gá bá ní ká ṣe sùúrù di ìgbà òjò. Àwọn àgbẹ̀ tó ń pariwo ajílẹ̀, ta ló rán wọn níṣẹ́ oko?

Ọ̀rọ̀ náà dun Mọ́ládé. Ó jókòó ti ẹ̀rọ, ó sì rí i pé ìkíni tí Ìbàdàn ń fi ránṣẹ́ kí òun tó kọ orúkọ mọ́ geere. Bó bá jẹ́ eruku tàbí wáyà ni, ṣé ìkíni ò ní bàjẹ́ ni? Ó pe Olúfẹ́mi tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn.

"Ẹ káàsán sà. Irú ẹ̀rọ wo ni kọ̀ǹpútà yín rò pé mò ń lò?"

"Èyí tí ẹ ti ń lò látọjọ́ náà ni."

"A ti pààrọ̀ rẹ̀ o."

"Hà! Ta lẹ sọ fún?"

Gbogbo ìlú la sọ fún, àfi Ìbàdàn.

Olúfẹ́mi ṣàlàyé pé irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní àṣẹ tó fi ń nu ojú rẹ̀ àti èyí tó fi ń to ìlà. Ti ẹ̀rọ àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà ṣì ń fi ránṣẹ́. Mọ́ládé ka orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ tuntun fún un, ó ní kó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, Mọ́ládé tẹ̀ ẹ́. Ojú gíláàsì mọ́ fefe, ìlà tò. Mọ́ládé fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́.

"Ẹ dúró ná," ni Olúfẹ́mi wí. "Tẹ́ ẹ bá jáde lórí ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà máa gbàgbé." Ó bá kọ ọ́ síbi tí kọ̀ǹpútà yóò ti máa kà á nígbàkúgbà tí Mọ́ládé bá kọ orúkọ rẹ̀ wọlé.

Àwọn àgbẹ̀ gba ajílẹ̀ kí òjò tó dé. Ọ̀gá wá wo ẹ̀rọ, ó mi orí. "Mo sọ fún yín pé kẹ́ ẹ nù ún." Ohun tó kọ ránṣẹ́ sí àwọn àgbà ìjọba náà nìyẹn, wọ́n sì yìn ín gidigidi.

Wọn ò gbàgbé Mọ́ládé náà. Wọ́n gbé e ga, wọ́n fi í ṣe olórí ọ́fíìsì wa ní Kíṣí, tí wọn ò tíì fa wáyà tẹlifóònù dé. Ó sunkún díẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti fẹ́ Ládòkun, àgbẹ̀ oníṣu. Nígbà tí mo lọ kí wọn, iyán tí wọ́n gún fún mi, mi ò jẹ irú rẹ̀ rí ní Ṣakí.