Sẹ̀gi Ọrùn Mi

Wọ́n ní kí n jù ú sódò, mi ò jù ú. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1992, mo jẹ́ tíṣà ní Ìkìrun. Ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀ sẹ̀gi kan ṣoṣo ni ìyá àgbà mi ní Òkukù fún mi, wọn ò sì fún ọmọ-ọmọ wọn mìíràn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú aró. Wọ́n ní inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa irú ẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn kan ní òkúta ni, àwọn kan ní gíláàsì ni. Ìyá àgbà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ìtọ́jú rẹ̀ ni wọ́n kọ́ mi: kí n fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, kí n má fi kànìnkànìn kàn án, kí n sá a síbi òjìji, kí n sì máa pààrọ̀ òwú rẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n tún kọ́ mi bí a ṣe ń dá ojúlówó mọ̀. Tó o bá gbé e síwájú oòrùn, àwọ̀ aró á pòórá, wàá rí àwọ̀ ewé tó fẹ́ máa pọ́n. Ayédèrú ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀. Àfẹ́sọ́nà mi mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀ ní Ìnísà, kí wòlíì lè gbàdúrà fún wa ká tó ṣe ìdána. Wòlíì ní kí n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà wá. Ó gbé e sókè níwájú fèrèsé, àwọ̀ rẹ̀ yí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já a sílẹ̀.

“Ẹ̀mí wà nínú ẹ̀! Ó ń pààrọ̀ àwọ̀! Arábìnrin, lọ jù ú sódò Ọ̀tìn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò ní gbọ́mọ pọ̀n.”

Ìyá àfẹ́sọ́nà mi bú sẹ́kún. Inú bí mi. Ohun tó fi hàn pé ojúlówó ni, òun ni wọ́n fi dá a lẹ́bi! Wọ́n ní ẹni tí kò mọ wúrà ló ń tà á lówó pọ́ọ́kú. Èyí tó wà níwájú mi fẹ́ kí n fi í fún odò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbọ́.

Àfẹ́sọ́nà mi ní, “Ìlẹ̀kẹ̀ lásán ni, jù ú nù jàre! Màámi ò ní gbà ọ́ báyìí.”

Mo ní, “Tó bá jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ lásán ni, kí lẹ wá ń bẹ̀rù?”

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òkukù. Mo rò pé ìyá àgbà á gbè lẹ́yìn mi.

“Jù ú, ọmọ mi,” ni wọ́n wí. “Mi ò fún ọ kó lè lé ọkọ lọ fún ọ.”

Wọ́n ń wí i, ṣùgbọ́n ìka wọn wà lára sẹ̀gi náà, wọn ò gbé e kúrò. Mo sunkún. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, tèmi ni, mi ò jù ú.” Mo fi àáké kọ́rí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo padà sí Ìnísà. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo bọ́ ọ. Wọ́n ní kí n bọ́ ìlẹ̀kẹ̀, mo ní rárá. Ìyá àfẹ́sọ́nà mi fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n wọlé, ọkùnrin náà ò bojú wẹ̀yìn. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n èmi náà wọlé, mo jókòó síwájú láàárín àwọn obìnrin, mo sì kọ gbogbo orin ọjọ́ náà. Ohùn mi ló ròkè jù.