Àmì Márùn-ún Lórí Bébà Ẹ̀wà

Kí n tó di ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ńlá wọn ìwúwo èérún purotéènì, ẹ̀wà ni mo ń lọ̀ nílé ìwádìí kan ní Yábàá, láàárín àwọn ọdún 1950. Ìyá mi ní Múṣin kò gbà pé iṣẹ́ ni. “Gbogbo ìwé tó o kà yẹn, ẹ̀wà ló já sí?”

A máa ń tú purotéènì ẹ̀wà sí wẹ́wẹ́, a ó kán an sí ìsàlẹ̀ bébà, a ó ki etí bébà náà bọ omi oògùn. Bí omi ti ń fà gòkè, èérún kọ̀ọ̀kan á bá a gùn dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Tí a bá wá fín oògùn mìíràn sí i, tí a sì yá a níná, ibi tí wọ́n dúró sí á yọ àwọ̀ elésè àlùkò. Òfin kan ni ọ̀gá mi fi lélẹ̀: etí bébà nìkan ni kí ọwọ́ kàn.

Ọ̀gá yìí náà ni yóò kọ lẹ́tà tí wọn yóò fi rán mi lọ kọ́ṣẹ́ lókè òkun. Láìsí i, kí n máa lọ ẹ̀wà títí ayé nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọlé bá mi lójijì. Nílé tiwa, àgbà kì í wọlé kí ọmọ dúró ṣánṣán. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ti bébà ti bébà, ìka ọwọ́ mi kan sì tẹ̀ ẹ́ lókè. Mo gbọn ọ́n nù, mo bá iṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, àmì márùn-ún tí a kò rí rí yọ lókè bébà. Ọ̀gá fò sókè. “A ti rí nǹkan tuntun o! Àwọn ará òkè òkun máa gbọ́ nípa ẹ!” Ló bá jókòó, ó kọ lẹ́tà náà lójú ẹsẹ̀.

Èmi fi ìka wọn àwọn àmì náà, ó bá a mu rẹ́gí. Ó ṣe mí bíi kí n dákẹ́. Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọwọ́ mi nìyẹn. Òógùn ara náà ní èérún yẹn nínú. Ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ kí yín lánàá ni.”

Ó wo bébà, ó wo ọwọ́ mi, ó fa lẹ́tà ya. Àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín tó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. “Látòní lọ, orí ìdúró ni kó o ti máa kí mi níbí.” Ó kọ lẹ́tà mìíràn, ó nà án sí mi kí n kà á: “Ọmọ yìí tú àṣìṣe ara rẹ̀ síta nígbà tí èmi ọ̀gá rẹ̀ ti gbà á gbọ́. Ẹ bá mi kọ́ ọ ní ìyókù.”

Inú mi dùn débi pé ẹkún bọ́ lójú mi.

“Sún sẹ́yìn!” ni ọ̀gá ké. “Omijé náà ní purotéènì, bébà mìíràn ń bẹ lórí tábìlì!”